Orí Karùn-ún: Bí A Ṣe Ń Ka Ìwọ̀n Ìrìn Ilẹ̀ Tí Rédà Mú Wá Ní Òkè-Ògùn

Bí ẹnìkan bá gbé máàpù lé yín lọ́wọ́ tí ìdajì ìlú Ṣakí pupa lórí rẹ̀, tí wọ́n sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ pé ilẹ̀ ń rì ní sẹ̀ǹtímítà 3 lọ́dún, ẹ má tíì ké gbàjarè. Orí òkúta ni Ṣakí wà. Láti Ìsẹ́yìn lọ dé Òkèhò, Tedé, Ìgbòho, Kìṣí àti Igbẹ́tì, àpáta àtayébáyé ló wà lábẹ́ yangí àti erùpẹ̀ tí à ń gbin iṣu sí. Púpọ̀ nínú òkúta náà ti dì láti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ó sì yọ orí síta gedegbe níbi púpọ̀ bíi ti Adó-Àwáyè. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í rì káàkiri.

Èkó yàtọ̀. Iyanrìn, amọ̀ rírọ̀ àti erùpẹ̀ tí wọ́n fi di ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ dúró lé, wọ́n sì ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ lójoojúmọ́. Leonard Ohenhen àti Manoochehr Shirzaei ti yunifásítì Virginia Tech fi rédà wo Èkó, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 2022: ilẹ̀ ń wọlẹ̀ láti mìlímítà 2 títí dé 87 lọ́dún, ó yàtọ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò. Nítorí náà máàpù Èkó tó pupa ní ìdí tó fi lè jẹ́ òótọ́. Ti Ṣakí tó pupa bákan náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rojọ́. Ní Òkè-Ògùn, dídúró ni ìwà ilẹ̀. Ẹni tó bá ní ó rìn, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Gbogbo ohun tó kù nínú orí yìí, àlàyé bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ náà ni.

Àwọn awọnlẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Òkè-Ògùn ní Ṣakí ni a ní lọ́kàn, àwọn tó ti mọ bí a ṣe ń gba dátà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti Alaska Satellite Facility, tí wọ́n sì ti lè fi SNAP tàbí MintPy ṣe máàpù jáde. Ṣíṣe máàpù kò le mọ́. Kíkà rẹ̀ ló le.

Ohun tí nọ́ńbà náà jẹ́

Sentinel-1 ti àjọ òfuurufú ilẹ̀ Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ yín máa lò. Èyí àkọ́kọ́, 1A, gbéra ní oṣù Kẹrin 2014. Èkejì, 1B, gbéra ní 2016, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ bàjẹ́ ní oṣù Kejìlá 2021, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Oṣù Kejìlá 2024 ni 1C tó gbéra. Kìlómítà 693 ni sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan fi ga sí wa, ọjọ́ 12 sí 12 ló sì ń padà sórí ibì kan náà. Bí ẹ bá rí àlàfo oṣù kan tàbí méjì láàárín àwọn ọjọ́ inú gírààfù yín, kì í ṣe ilẹ̀ ló sinmi. Kò sí àwòrán nígbà náà ni.

Ìgbì tó ń jù sílẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5.6. Nígbà tí ìgbì bá ta padà, ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ dáadáa ni ibi tí ìgbì náà dé nínú ìyípo rẹ̀, kì í ṣe iye ìyípo tó ti yí. Agogo tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú ṣùgbọ́n tí kò ní ọwọ́ wákàtí ni: yóò sọ fún yín pé ó ti kọjá wákàtí ní ìṣẹ́jú 20, kò ní sọ wákàtí wo. Nítorí pé ìgbì ń lọ, ó tún ń bọ̀, ìyípo kan péré dúró fún ìdajì gígùn rẹ̀, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 2.8. Bí àwọ̀ bá ti pupa bẹ̀rẹ̀, tó gba àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ewé kọjá, tó sì tún padà sí pupa lórí àwòrán ìyàtọ̀ (interferogram), sẹ̀ǹtímítà 2.8 nìyẹn, ì báà jẹ́ ti ilẹ̀, ì báà jẹ́ ti afẹ́fẹ́.

Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò iye wákàtí tó ti kọjá, ó sì máa ń ṣì í. Bí ìyàtọ̀ láàárín ojú àwòrán (pixel) méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn bá ju sẹ̀ǹtímítà 1.4 lọ láàárín àwòrán méjì, kò sí bí ó ṣe lè mọ̀ dájú. Irú àṣìṣe yìí rọrùn láti dá mọ̀. Ó máa ń fò ní mìlímítà 28 tàbí ìlọ́po rẹ̀, etí ibi tó ti fò máa ń mú ṣáká, kì í sì í padà. Bí àdúgbò kan ní Ìsẹ́yìn bá fò ní mìlímítà 28 láàárín ọjọ́ 12, tó wá dúró jẹ́ẹ́ láti ìgbà náà, ẹ fura sí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fura sí ilẹ̀.

Ẹ tún wo bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Àwòrán ìyàtọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún wa láti Alaska sábà máa ń fi ojú kan bo mítà 80 lọ́nà méjèèjì. Bí a bá gé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, yóò tó púlọ́ọ̀tì 13. Ẹni tó bá wá fi ọwọ́ lé ilé kan lórí máàpù bẹ́ẹ̀ pé ilé bàbá lágbájá ló ń rì ń sọ ohun tí rédà kò sọ.

Ìlà ìwò

Ibí yìí ni mo ti ń rí àṣìṣe jù lọ nínú ìròyìn tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ. Rédà kì í wo ilẹ̀ láti òkè gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wò ó, igun rẹ̀ sì máa ń wà láàárín ìwọ̀n 30 sí 45. Nọ́ńbà tó bá sọ pé ojú kan lọ ní mìlímítà 10, ó ń sọ pé ó jìnnà sí sátẹ́láìtì tàbí ó súnmọ́ ọn ní mìlímítà 10 lójú ìlà ìwò náà. Kò tíì sọ pé ó rì. Bí igun bá jẹ́ ìwọ̀n 39, tó sì dá yín lójú pé ilẹ̀ kò sún sí ẹ̀gbẹ́ rárá, ẹ lè pín in pẹ̀lú 0.78, yóò sì di nǹkan bíi mìlímítà 13 sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló mú un dá yín lójú? Kí ẹ kọ ìdí náà sílẹ̀.

Àmì ìyọkúrò náà ń ṣe ènìyàn. Nínú ẹ̀rọ kan, nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò túmọ̀ sí pé ilẹ̀ jìnnà sí sátẹ́láìtì. Nínú òmíràn, ìdàkejì rẹ̀ ni. Ẹ ka ìwé ẹ̀rọ tí ẹ lò kí ẹ tó fi pupa tàbí àwọ̀ aró kun ohunkóhun. Mo ti rí àkọsílẹ̀ kan tí adágún omi ti gbẹ, tí ilẹ̀ etí rẹ̀ sì "ń rì", tó jẹ́ pé àmì ni wọ́n yí padà.

Nígbà tí sátẹ́láìtì bá ń ti gúúsù lọ sí àríwá ní ìrọ̀lẹ́, ìlà-oòrùn ló ń wò. Nígbà tó bá ń ti àríwá bọ̀ ní òwúrọ̀, ìwọ̀-oòrùn ló ń wò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀nà méjèèjì ni ẹ ní dátà fún ní agbègbè yín, nítorí kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ya méjèèjì déédéé. Bí ẹ bá rí méjèèjì, ọ̀rọ̀ yóò yanjú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ní ibì kan, tí igun rẹ̀ jẹ́ 39, ti ìrọ̀lẹ́ sọ pé ilẹ̀ jìnnà ní mìlímítà 8 lọ́dún, ti òwúrọ̀ sì sọ pé mìlímítà 2 ni. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ pín in pẹ̀lú ìlọ́po méjì 0.78: ilẹ̀ ń wọlẹ̀ ní bíi mìlímítà 6.4. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ẹ pín 6 yẹn pẹ̀lú 1.24: ó tún ń sún sí ìlà-oòrùn ní bíi mìlímítà 4.8. Ẹni tó ní ti ìrọ̀lẹ́ nìkan ì bá ti kọ pé ilẹ̀ rì ní mìlímítà 10, kò sì ní mẹ́nu kan ìsún rárá.

Ìhà kan wà tí rédà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́jú sí: àríwá sí gúúsù. Bí ohun kan bá sún ní mìlímítà 10 sí gúúsù, ìlà ìwò máa fi nǹkan bíi mìlímítà 1 hàn yín. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé orí ọ̀rọ̀ dáàmù Ìkéré nísàlẹ̀.

Ọ̀dàn, páànù àti àpáta

Kí àwòrán méjì tó lè bára mu, ohun tó ń ta ìgbì padà kò gbọdọ̀ yí padà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Coherence ni wọ́n ń kọ sí ojú kọ̀ǹpútà; ìbáramu ni a ó máa pè é níbí. Láti 0 dé 1 ni ìwọ̀n rẹ̀. Mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé ojú kan tó wà lábẹ́ 0.3, kò sí bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe lè dùn ún wò tó.

Ìgbì 5.6 kúrú, ewé ló sì ń bá pàdé kó tó dé ilẹ̀. Ní ọ̀dàn wa, láti oṣù Kẹrin tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí dé oṣù Kẹwàá, koríko ń ga, ewé iṣu ń bo ebè, àgbàdo ń jáde, wọ́n sì ń kórè rẹ̀. Nínú oko, ìbáramu lè bàjẹ́ láàárín ọjọ́ 12. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń dára sí i, àfi bí wọ́n bá sun igbó: ibi tí iná gbà kọjá láàárín àwòrán méjì máa dúdú lórí máàpù ìbáramu, etí rẹ̀ á sì bá etí iná mu. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ wo ìyàtọ̀ láàárín ọdún méjì, ẹ fi oṣù Kìíní so mọ́ oṣù Kìíní, ẹ má fi oṣù Kẹjọ so mọ́ oṣù Kìíní.

Níbo wá ni ojú tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé wà? Páànù ilé ní àárín Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ọgbà ilé-ìwé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ, afárá, òpó iná gíga, àti orí àpáta tó wà ní ìhòòhò. Òkúta tó yọ síta ni ọrọ̀ Òkè-Ògùn nínú iṣẹ́ yìí. Ní Ondo tàbí Cross River níbi tí igbó ti dí, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín á máa wá ojú kan ṣoṣo tó dúró; ẹ̀yin ní ìnselberg, àpáta tó dá yọ sókè, lọ́tùn-ún lósì. Ẹ lò ó.

Ìgbì gígùn máa ń gba inú ewé kọjá dáadáa. Sátẹ́láìtì NISAR tí Amẹ́ríkà àti Íńdíà jọ ṣe, tó gbéra ní oṣù Keje 2025, ní ìgbì tó tó sẹ̀ǹtímítà 24, inú oko náà á sì máa ṣeé wò sí i. Ṣùgbọ́n ìgbì gígùn ní àrùn tirẹ̀, èyí tí a ń bọ̀ wá bá nísàlẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́

Omi inú afẹ́fẹ́ ń fa ìgbì sẹ́yìn, rédà á sì rò pé ilẹ̀ ló jìnnà. Howard Zebker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1997 pé bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá yàtọ̀ ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè mú àṣìṣe tó tó sẹ̀ǹtímítà 10 wá. Ẹ wá rò ó wò: ní oṣù Kìíní, ọyẹ́ gbẹ afẹ́fẹ́ Ṣakí pátápátá, ní oṣù Kẹsàn-án, kùrukùru ń sáré láti gúúsù. Ẹni tó bá so ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ mọ́ ọjọ́ kan nínú òjò á rí ilẹ̀ Òkè-Ògùn tó "rì" dé ìlàjì agbègbè. Ìrọ̀lẹ́ burú ju òwúrọ̀ lọ, nítorí òjò ọ̀sán sábà máa ń fi kùrukùru sílẹ̀ sójú ọ̀run.

Àyẹ̀wò mẹ́ta ni mo máa ń ṣe. Àkọ́kọ́, mo máa wo bóyá àwọ̀ náà ń bá gíga ilẹ̀ rìn. Bí orí àwọn òkè bá jẹ́ àwọ̀ kan, tí àfonífojì jẹ́ òmíràn, afẹ́fẹ́ ni. Kò sí ohun tó máa mú gbogbo òkè láti Òkèhò dé Igbẹ́tì gbéra pọ̀. Èkejì, mo máa kó gbogbo àwòrán ìyàtọ̀ tí ọjọ́ kan wà nínú wọn jọ. Bí àbàwọ́n kan náà bá ń yọ nínú gbogbo èyí tí oṣù Kẹsàn-án ọjọ́ 9, ká sọ, wà nínú rẹ̀, tí kò sì yọ nínú èyí tí kò sí, ọjọ́ yẹn ló jẹ̀bi, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹ̀kẹta, mo máa wo bí ó ṣe fẹ̀ tó. Àbàwọ́n tó fẹ̀ tó kìlómítà 20 tí kò ní etí, ojú ọ̀run ló ti wá.

Àkókò ni oògùn rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń da ìwọ̀n ọjọ́ kọ̀ọ̀kan rú ní sẹ̀ǹtímítà 1.5, àwòrán ọdún kan gbáko lọ́jọ́ 12 sí 12 máa fún yín ní ìwọ̀n ìrìn tó lè fi bíi mìlímítà 9 lọ́dún yẹ̀ síbí tàbí sọ́hùn-ún. Ọdún mẹ́ta á mú un wálẹ̀ sí bíi mìlímítà 2. Nítorí náà ẹni tó bá ní dátà oṣù mẹ́jọ tó ń sọ̀rọ̀ mìlímítà 5 lọ́dún kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ọdún tó pé ni kí ẹ sì lò. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ nínú ọyẹ́ tí ẹ parí nínú òjò, ìgbà òjò á di ìrìn ilẹ̀ lójú yín.

Lókè afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ipele kan tún wà tí oòrùn ń fi iná mànàmáná sí nínú, tí wọ́n ń pè ní ionosphere. Ìlà tí kọ́ńpáàsì kì í tẹ̀ sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀ gba àríwá Nàìjíríà kọjá, ipele náà sì máa ń dàrú jù nítòsí rẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ìgbì gígùn bíi ti NISAR ló máa ń jìyà rẹ̀ jù. Bí ẹ bá rí àwọn ìlà gbọọrọ tí wọ́n ta kọjá lórí gbogbo àwòrán ìrọ̀lẹ́, ẹ má wá ẹ̀là ilẹ̀ lábẹ́ wọn.

Ibi àfiwé

Rédà kì í sọ pé ojú kan rìn. Ó ń sọ pé ó rìn ju ojú mìíràn lọ. Ojú mìíràn yẹn ni ẹ̀yin yàn, tàbí kọ̀ǹpútà yàn fún yín láìbi yín. Bí kọ̀ǹpútà bá lọ gbé e kalẹ̀ sínú àkùrọ̀ amọ̀ tó ń rì ní mìlímítà 6, gbogbo ìlú á máa "dìde" ní mìlímítà 6. Ẹ gbé e sórí àpáta tó yọ síta, tí ìbáramu rẹ̀ ga lọ́dún yíká, tí kò jìnnà ju kìlómítà díẹ̀ sí ibi tí ẹ ń wò lọ. Lẹ́yìn náà ẹ yí i sí àpáta mìíràn, kí ẹ ṣe máàpù náà lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìtàn bá yí padà, kò sí ìtàn.

Ìrìn àwo ilẹ̀ Áfíríkà kì í yọ nínú máàpù yìí. Ẹ̀rọ GPS tó dúró sójú kan fi hàn pé gbogbo Nàìjíríà ń sún sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ́dún. Ṣakí àti Ìsẹ́yìn jọ ń lọ ni. Níwọ̀n ìgbà tí ibi àfiwé náà ń lọ, rédà ò rí i. Ẹni tó bá fẹ́ fi GPS yẹ iṣẹ́ rédà wò gbọ́dọ̀ yọ ìrìn yẹn kúrò ná.

Ìmí ilẹ̀ láàárín ọdún

Amọ̀ àkùrọ̀ máa ń wú bí òjò bá rin ín, á sì súnkì nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Gírààfù irú ibẹ̀ á máa lọ sókè sódò lọ́dọọdún. Òótọ́ ni ìrìn náà, kì í sì í ṣe ìjàǹbá. Onílé tó bá kọ́lé síbẹ̀ ló máa rí i lára ògiri tó ń là. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bóyá gírààfù padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún.

Ẹ̀tàn kan wà tó farapẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ń so àwòrán ọjọ́ 12 mọ́ ọjọ́ 12 nìkan, ọ̀rinrin ilẹ̀ àti ìdàgbà ewé á máa fi àṣìṣe kékeré kún un nígbà gbogbo, síbi kan náà, á sì máa di mìlímítà mélòó kan lọ́dún nínú oko nìkan. Máàpù á wá fi hàn pé oko ń rì, ìlú kò rì. Ẹ fi àwòrán tó jìnnà síra ní oṣù mẹ́ta, mẹ́fà àti ọdún kan kún un. Bí oko bá ṣíwọ́ rírì, ẹ ti mọ̀.

Ibi tí ìrìn lè wà ní tòótọ́

Dáàmù Ìkéré lórí odò Ògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni ibi tí mo máa kọ́kọ́ wò. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 fún omi oko, omi mímu àti iná mànàmáná. Omi tó lè gbà tó nǹkan bí 690 mílíọ̀nù mítà kúbìkì. Ògiri erùpẹ̀ ni, ògiri erùpẹ̀ sì máa ń jókòó: ó máa ń yára lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, á sì máa dẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun tí ẹ ń retí lórí ògiri tó ti pẹ́ tó báyìí ni mìlímítà díẹ̀ lọ́dún, láàárín ògiri níbi tó ga jù ju ẹ̀gbẹ́ lọ, kò sì gbọdọ̀ yára.

Ẹ bo ojú omi lórí máàpù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí omi kì í ní ìbáramu, àwọ̀ tó bá wà lórí rẹ̀ kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Etí omi náà ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ọdún. Ẹrẹ̀ tó yọ síta nínú oṣù Kẹta ti bọ́ sábẹ́ omi nínú oṣù Kẹsàn-án. Ojú ògiri tí wọ́n to òkúta sí àti ọ̀nà orí ògiri ló dára. Ẹ̀gbẹ́ tí koríko bò kò dára. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gírààfù ìrìn sí ẹ̀gbẹ́ gírààfù bí omi ṣe kún tó. Bí méjèèjì bá ń bára wọn rìn, omi ló ń ti ògiri, ògiri sì ń padà. Bí omi bá wálẹ̀ tí ògiri kò padà, ẹ wò ó dáadáa.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ àríwá àti gúúsù. Lápapọ̀, gúúsù ni odò Ògùn ń ṣàn lọ, ìhà ibi tí omi ń lọ sì ni omi máa ń ti ògiri sí. Ẹ wo orí máàpù, kí ẹ mọ ìhà tí ògiri kọ kí ẹ tó gbà pé kò sún, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìhà tí rédà kò rí ni ó sún sí. Jíjókòó ni rédà yìí lè sọ fún yín nípa ògiri bẹ́ẹ̀. Fún ìsún, ẹ lo ẹ̀rọ awọnlẹ̀. Omi tó ń jẹ inú ògiri díẹ̀díẹ̀ náà kì í sábà yọ sí ojú rédà. Ní Brumadinho ní Brasil, ògiri ilé ìwakùsà kan ya ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 2019, ènìyàn 270 sì kú. Lẹ́yìn ìjàǹbá ni àwọn onímọ̀ kan fi dátà Sentinel-1 hàn pé ìrìn rẹ̀ ti ń yára ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Dátà náà wà fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà náà.

Ìwakùsà ni ìkejì. Ní Igbẹ́tì, níbi tí wọ́n ti ń wa mábù, àti ní Kòmú, níbi tí wọ́n ti ń wa líthíọ́ọ̀mù, ẹ má retí ìrìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti gbẹ́ ihò tàbí tí wọ́n da erùpẹ̀ sí, ìbáramu á bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀, á di dúdú. Ìyẹn náà ìròyìn ni, nítorí ó ń fi ibi tí iṣẹ́ dé hàn. Òkìtì erùpẹ̀ tó ti wà fún ọdún kan tàbí méjì ló máa ń jókòó ní sẹ̀ǹtímítà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: gíga ilẹ̀ tí àwọn ẹ̀rọ ń lò sábà máa ń ti inú ìwọ̀n tí ọkọ̀ òfuurufú Endeavour ṣe ní oṣù Kejì 2000 wá. Bí wọ́n bá ti gé òkè kan lulẹ̀ láti ìgbà náà, gíga tó wà nínú kọ̀ǹpútà ti di irọ́, irọ́ yẹn á sì máa yọ bí ìrìn. Ẹ máa mọ̀ ọ́n nígbà tí "ìrìn" náà bá ń bá ìyàtọ̀ ọ̀nà tí sátẹ́láìtì gbà kọjá mu dípò kí ó máa bá àkókò mu.

Erùpẹ̀ tí wọ́n dì sábẹ́ ọ̀nà tuntun, ní ẹnu afárá pàápàá, tún ṣeé wò, bíi ti ọ̀nà Moníyà sí Ìsẹ́yìn. Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Ó máa ń jókòó, ó sì máa ń dẹ̀.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ńkọ́? Ní 2016, ìròyìn jáde pé ilẹ̀ mì ní Ṣakí, ó sì ba àwọn ènìyàn lẹ́rù. Ṣáájú ìgbà náà, ilẹ̀ ti mì ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn ní 1984, ó sì tún mì káàkiri gúúsù ìwọ̀-oòrùn ní 2009. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré lọ ṣe àwòrán ìyàtọ̀ lẹ́yìn irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Kò sóhun tí wọ́n máa rí. Ìmìtìtì tí agbára rẹ̀ kò tó bíi 5 kì í sábà sún ojú ilẹ̀ débi tí rédà máa rí i. Ti Landers ní California ní 1992, tí rédà fi gba òkìkí, agbára rẹ̀ jẹ́ 7.3. Bákan náà ni mo ti rí àwọn tó fa ẹ̀là Ifẹ́wàrà sí Zungeru gba orí máàpù Ṣakí kọjá láti fi ṣàlàyé àwọ̀. Ẹ̀là yẹn jìnnà sí Ṣakí, ìlà-oòrùn rẹ̀ ló wà. Fún ìmìtìtì, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró ilẹ̀, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Centre for Geodesy and Geodynamics ní Toro ń bójú tó, ni kí ẹ bi.

Kíkọ ìròyìn

Nọ́ńbà ìrìn kan kò gbọdọ̀ dá dúró nínú ìròyìn yín. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀n tó lè fi yẹ̀, ìlà ìwò, ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ ìkẹyìn, iye àwòrán, ibi àfiwé àti ohun tí àmì ìyọkúrò túmọ̀ sí. "Mìlímítà 4 lọ́dún, ó lè fi 2 yẹ̀, ó jìnnà sí sátẹ́láìtì, ti ìrọ̀lẹ́, 2021 dé 2024, àfiwé sí àpáta kan ní àríwá ìlú" jẹ́ gbólóhùn tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò. "Ìlú ń rì" kò ṣeé yẹ̀ wò, ẹ̀rù nìkan ló lè dá.

Kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i, ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ wo ògiri bóyá ó là, ẹ wo ọ̀nà bóyá ó tẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè ibi tí odò ti ń gbà tẹ́lẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti da ilẹ̀ dí. Àwọn ni wọ́n mọ ibi tí kànga gbẹ àti ọdún tó gbẹ. Bí ẹ bá ń ṣàlàyé fún kábíyèsí tàbí alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ má fi máàpù pupa ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó dá yín lójú àti ohun tí kò dá yín lójú.

Bí ojú tó ní ìbáramu gíga lórí ògiri Ìkéré bá ń yára sí i ní ìgbà mẹ́ta léra tí sátẹ́láìtì kọjá, tí àwọn ojú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ń sọ ohun kan náà, tí ìyípadà ibi àfiwé kò sì yí i padà, ẹ má dúró de dátà ọdún mẹ́ta. Ẹ gbé gírààfù náà lọ sí ọ́fíìsì Ogun-Osun River Basin Development Authority ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ tí ẹ rí i, kí ẹ sì ní kí wọ́n rán awọnlẹ̀ lọ wọn ògiri náà.